Bí A Ti Í Di Ẹ̀ṣọ́

Àdúgbò kan wà ní Mọdákẹ́kẹ́ tí à ń pè ní Òkè-Ẹ̀ṣọ́. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọlọ́kadà ń ké orúkọ náà, tí àwọn oníṣòwò ń kọ ọ́ sí ara pátákó ìsọ̀ wọn, kò sì sí ẹni tí í dúró wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá bi ọmọdé kan léèrè lónìí pé kí ni ẹ̀ṣọ́, yóò dáhùn pé ọkùnrin tí í jókòó lẹ́nu géètì báńkì ni, tí í ṣílẹ̀kùn fún ọkọ̀, tí í sì kí àwọn olówó. Ọmọ náà kò purọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe ṣọ́ ni ó bí ẹ̀ṣọ́, ẹni tí ó bá sì ń ṣọ́ nǹkan, bí ó ti wù kí nǹkan náà kéré mọ, ẹ̀ṣọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ a máa rẹ̀yìn bí ènìyàn ti í rẹ̀yìn. Ní ayé Ọ̀yọ́ Ilé, àádọ́rin ọkùnrin péré ni ó ń jẹ́ Ẹ̀ṣọ́ nínú gbogbo ìlú, àgbà oyè ni oyè náà sì jẹ́.

Ẹ̀yin ònkàwé mi, ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni bí ọkùnrin kan ti í di ọ̀kan nínú àádọ́rin wọ̀nyí. Ta ni í kọ́ ọ? Kí ni a fi ń dán an wò? Kí ni ó sì ku ọkùnrin kù lẹ́yìn tí ó bá ti fi hàn pé òun kò bẹ̀rù ikú? Kì í ṣe fún ìtàn lásán ni mo ṣe ń béèrè. Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ni mí, a sì bí mi lẹ́yìn ìjà tí ìlú wa àti Ilé-Ifẹ̀ jà láti 1997 títí di 2000. Àwọn tí ó ṣáájú mi ní agbolé mọ bí ọ̀dọ́ ti í gbé ìbọn. Èrò mi ni pé ìgboyà nìkan kọ́ ni Ọ̀yọ́ fi ń yan Ẹ̀ṣọ́. Ìdánwò méjì ni ó wà. Ọ̀kan ni pé ta ni ìwọ yóò dojú kọ? Èkejì ni pé ta ni ó rán ọ? Èkejì yìí ni ó ṣòro jù, òun sì ni ó fọ́ Ọ̀yọ́ nígbà tí a gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí Ẹ̀ṣọ́ jẹ́. Alàgbà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, fi wọ́n sí ipò kejì láàrin àwọn ọlọ́lá Ọ̀yọ́. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ni ó ṣáájú: Baṣọ̀run, Àgbáàkin, Ṣàmù, Alápìńni, Lágùnnà, Akínnikú àti Aṣípa. Lẹ́yìn àwọn méje yìí ni Ẹ̀ṣọ́ kàn. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn jẹ́ àgbà, mẹ́rìnléláàádọ́ta jẹ́ kékeré, mẹ́wàá-mẹ́wàá sì wà lábẹ́ olúkúlùkù Ọ̀yọ́ Mèsì. Kí ẹ kíyè sí ìṣirò yìí. Ẹ̀ṣọ́ ọba ni à ń pè wọ́n, síbẹ̀ ọwọ́ ìjòyè méje ni a pín wọn sí. Kò sí ìjòyè kan tí ó ní ju ìdá kan nínú méje wọn lọ, ọba kò sì lè fi wọ́n jẹ ìlú níyà láìjẹ́ pé àwọn ìjòyè gbọ́ sí i. Àwọn àgbà tí ó ṣètò yìí mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń tọ́jú ajá ọdẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò di okùn rẹ̀ mú.

Oyè Ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe oyè ìdílé. Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ lè rọ́pò baba rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ ọmọ. Ó di ìgbà tí òun náà bá di jagunjagun tí ojú rí. Èyí yà wọ́n sọ́tọ̀ láàrin ọ̀pọ̀ oyè tí a ń fi ẹ̀jẹ̀ jẹ. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í jogún oyè náà, a máa ń jogún ìyì rẹ̀. Johnson sọ pé ní ayé tirẹ̀, ìyì ńlá ni kí ènìyàn lè sọ pé ọmọ Ẹ̀ṣọ́ ni òun. Títí di òní ni oríkì àwọn ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí ń dún kiri ilẹ̀ Yorùbá. Ní agbolé tiwa, bí ọmọ kékeré bá ṣubú tí ó sì dìde láìsunkún, àwọn ìyá àgbà yóò pè é ní ọmọ Ẹ̀ṣọ́. Nígbà náà ni ẹkún yóò wá gbọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n yóò gbé e mì. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ní ti ẹ̀kọ́ yòókù, Ọ̀yọ́ Ilé kò ní bárékè. Ilé jagunjagun ni ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọkùnrin a tẹ̀ lé baba rẹ̀, tàbí kí ó wọ ilé ìjòyè ogun kan, kí ó di ọmọ ilé. Ibẹ̀ ni yóò ti máa gbé apó, tí yóò máa gé koríko ẹṣin, tí yóò máa nu gàárì, tí yóò sì máa jókòó sí ẹ̀yìn nígbà tí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀ ogun. Ìjàkadì ní ojúde ni ó ń kọ́ ọ bí a ti í ṣubú àti bí a ti í dìde. Pàṣán ọdún egúngún ni ó ń kọ́ ọ bí a ti í jẹ ìrora láìyí ojú padà. Ní oko ọdẹ ni yóò ti kọ́ ìwọ̀nyí tí kò sí ní ojúde: bí a ti í mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, bí a ti í rìn lóru láìfọ́ igi gbígbẹ, bí ebi ti í pa ènìyàn tí kò sì ní fọhùn. Ẹni tí ó bá já fáfá nínú èyí ni a lè sọ di alamí, kí ó lọ wo ibùdó ọ̀tá kí ogun tó dé. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbẹ́rẹ́ kò gbẹ́yìn, nítorí kò sí jagunjagun ayé ìgbà náà tí yóò lọ sójú ogun láìmú oògùn lọ́wọ́.

Ohun méjì ni ó sọ ẹ̀kọ́ yìí di iṣẹ́ ọdún púpọ̀: ẹṣin àti ọrun. Agbára Ọ̀yọ́ wà lórí ẹṣin. Láti ilẹ̀ Tápà àti ilẹ̀ Haúsá ni wọ́n ti ń rà wọ́n, owó tabua sì ni. Ẹṣin kì í pẹ́ ní ilẹ̀ igbó nítorí eṣinṣin tí ń pa á, ṣùgbọ́n ní pápá ọ̀dàn tí Ọ̀yọ́ Ilé wà, ẹlẹ́ṣin ni ọba ojú ogun. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni a ń kọ́ bí a ti í gun ẹṣin tí a sì ń ju ọ̀kọ̀. Ọrun pẹ̀lú rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ti fa ọrun láti kékeré, apá rẹ̀ kò ní gbà á nígbà tí ó bá dàgbà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dé ibi tí a lè ti máa fi ojú Ẹ̀ṣọ́ wò ó, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará ilé àti ará ìlú ti fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ ẹni tí ó jẹ́ nígbà tí ó yó àti nígbà tí ebi pa á.

Ìdánwò gan-an, ojú ogun ni. Ojú méjì péré ni Ọ̀yọ́ fi ń wo Ẹ̀ṣọ́ tí ó bá lọ sí ogun: kí ó ṣẹ́gun, tàbí kí ó kú síbẹ̀. A kì í retí pé kí ó sá bọ̀ wá ròyìn. Bí a bá sì gbé e wálé pẹ̀lú ọgbẹ́, ibi tí ọgbẹ́ náà wà ni àwọn àgbà yóò kọ́kọ́ wò. Ọfà tí ó bá wọlé láti iwájú, ọlá ni. Èyí tí ó bá wọlé láti ẹ̀yìn, ìtìjú ìdílé ni, nítorí ó fi hàn pé ẹni náà ti yí ẹ̀yìn padà sí ọ̀tá.

Lórí gbogbo wọn ni Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò wà. Aláàfin Ajàgbó ni ìtàn sọ pé ó dá oyè náà sílẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ fi ẹnìkan joyè yìí, a ó fá orí rẹ̀, a ó sì sín gbẹ́rẹ́ igba ó lé kan sí i, a ó sì fi oògùn oríṣi igba ó lé kan ra wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Fìlà rẹ̀ jẹ́ ti ìyẹ́ pupa ìdí odídẹrẹ́, awọ ẹkùn ni yóò sì máa jókòó lé. Bí ọba bá rán an ní ogun, oṣù mẹ́ta ni ó ní. Kí ó padà wá pẹ̀lú ìṣẹ́gun, tàbí kí a gbé òkú rẹ̀ wálé. Ẹ sì tún kíyè sí ohun kan: Ẹ̀ṣọ́ ń gbé ní olú-ìlú, ṣùgbọ́n Kakaǹfò kì í gbé níbẹ̀. Ìlú mìíràn ni í gbé. Ọ̀yọ́ mọ̀ pé ọba àti irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ máa sùn lẹ́bàá ara wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ayé òde òní. Ní 1941, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, David Stirling, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, dá ẹgbẹ́ SAS sílẹ̀ ní aṣálẹ̀ Àríwá Áfíríkà, kí ìwọ̀nba ọkùnrin díẹ̀ lè máa wọ ẹ̀yìn ọ̀tá lọ ṣe iṣẹ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò lè ṣe. Ní 1944, Ọ̀gágun Orde Wingate kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ wọ inú igbó Burma, lẹ́yìn àwọn ọmọ ogun Japan. Orúkọ tí ìjọba fún ẹgbẹ́ náà ni Special Force, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Chindits ni ayé mọ̀ wọ́n sí. Nínú wọn ni bàtálíọ̀nù mẹ́ta láti Nàìjíríà wà, ìkẹfà, ìkeje àti ìkejìlá, tí wọ́n di àwọn àgọ́ olódi mú nínú igbó náà, tí ọkọ̀ òfuurufú sì ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Lónìí ilé-ẹ̀kọ́ irú àwọn ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ wà ní Buni Yadi, ní Ìpínlẹ̀ Yobe. Níbi gbogbo tí a bá ti ń yan irú àwọn wọ̀nyí, ẹrù wúwo ni a ń gbé ru wọ́n, a ń mú wọn rìn jìnnà, a ń fi oorun àti oúnjẹ dù wọ́n, ọ̀pọ̀ ni ó sì ń padà sílé. Ohun tí a ń wá kì í ṣe iṣan apá. Ohun tí a ń wá ni ìwà ènìyàn nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́ tán tí kò sì sí ẹni tí ń wò ó. Ohun kan náà ni Ọ̀yọ́ ń wá. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ ogun òde òní ń fi oṣù díẹ̀ ṣe ìdánwò náà nínú ọgbà, Ẹ̀ṣọ́ sì ń fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ṣe é ní ojú àwọn tí yóò dáàbò bò.

Ṣùgbọ́n ìdánwò kejì ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a fi Kakaǹfò méjì wé ara wọn. Láti 1754 ni Baṣọ̀run Gáà ti gba agbára mọ́ àwọn Aláàfin lọ́wọ́, tí ó ń fi ọba jẹ tí ó sì ń mú wọn kú bí ó ti wù ú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ gaba lórí àwọn ìlú. Nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún múra láti gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1774, Ọ̀yàbí, Kakaǹfò tí ń gbé ní Àjàṣẹ́, ni ó ránṣẹ́ sí. Ọ̀yàbí wá. Wọ́n ṣẹ́gun Gáà, Kakaǹfò náà kò sì gba ìtẹ́, kò sì pín ìlú. Ó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an, ó sì ti ibẹ̀ kúrò. Àwọn ènìyàn kì í sábà rántí orúkọ rẹ̀ lónìí. Gáà ni gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí fún ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó sì padà sílé.

Èkejì ni Afọ̀njá, tí ń gbé ní Ìlọrin. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ojo ni Afọ̀njá. Ní nǹkan bí 1796, Aláàfin Aólẹ̀ rán an láti lọ kó ìlú Ìwéré. Ẹ̀tàn ni iṣẹ́ náà. Ìwéré jẹ́ ìlú ìyá Ajàgbó, ọba tí ó dá oyè Kakaǹfò sílẹ̀ gan-an, ìbúra oyè kò sì gbà kí Kakaǹfò kọlù ú. Bí Afọ̀njá bá kọlù ú, ó di ẹlẹ́bọ. Bí kò bá kọlù ú títí oṣù mẹ́ta fi pé, ó di òkú. Ó yí ogun padà sí Ọ̀yọ́ Ilé, ó pàgọ́ síbẹ̀, a sì gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí Aólẹ̀, èyí tí í ṣe àmì pé ìlú ti kọ̀ ọ́. Aólẹ̀ ṣe ohun tí ọba tí a kọ̀ ń ṣe, ó kú.

Títí dé ibí yìí, ẹnìkan lè gbèjà Afọ̀njá, èmi náà yóò sì gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá rán jagunjagun níṣẹ́ ẹ̀tàn ti kọ́kọ́ ba májẹ̀mú jẹ́. Kò sì yẹ kí a sọ pé kí Ẹ̀ṣọ́ máa ṣe gbogbo ohun tí ọba burúkú bá wí. Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà tí a fi ń kọ ọba, ọ̀nà náà sì gba ọ̀dọ̀ Baṣọ̀run àti àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì kọjá. Ohun tí ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Afọ̀njá kò padà sábẹ́ ìlú. Ó gba Ìlọrin fún ara rẹ̀, ó pe Àlímì, àlùfáà Fúlàní, wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹgbẹ́ ogun tirẹ̀ jọ. Àwọn tí ó sá kúrò lóko ẹrú ni ó pọ̀ nínú wọn. Jàmáà ni wọ́n ń pè wọ́n. Johnson sọ pé wọ́n ní òrùka kan ní àtàǹpàkò àti ìka ọwọ́ òsì wọn, èyí tí wọ́n fi ń kan ara wọn kí wọ́n lè mọ ẹni tí í ṣe tiwọn.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òrùka yìí àti oyè Ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ ti dàgbà lójú ìlú kí a tó fún un ní oyè. Òrùka ni jàmáà fi ń dá ara wọn mọ̀, ìlú kò sì mọ̀ wọ́n. Kò sí Ọ̀yọ́ Mèsì kan tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀, kò sí agbolé tí ojú yóò tì bí wọ́n bá hùwà burúkú. Wọ́n ń kó àwọn ìlú ní ìkógun, àwọn àgbà jagunjagun sì kìlọ̀ fún Afọ̀njá pé iná tí ó dá yóò jó o. Nígbà tí ó wá fẹ́ kápá wọn ní nǹkan bí 1824, àwọn gan-an ni ó dìde sí i. Ìtàn ikú rẹ̀ kò ṣeé gbàgbé. Johnson kọ ọ́ pé ọfà tí ó wọ ara rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò fi lè ṣubú, tí ó dúró lórí àwọn igi ọfà náà bí ẹni tí ó wà láàyè. Bí a bá fi ìdánwò àkọ́kọ́ wò ó, kò sí Ẹ̀ṣọ́ tí ó kú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jà, kò sá, ó kú síbẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, ilẹ̀ tí a tìtorí rẹ̀ yan Ẹ̀ṣọ́ ti bọ́ lọ́wọ́. Ìlọrin bọ́ sí ọwọ́ ọmọ Àlímì, ní àárín àwọn ọdún 1830 sì ni Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro.

Ibí ni ìtàn náà ti di tiwa. Àwọn tí ogun lé kúrò ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ sá wọ ilẹ̀ igbó níhà gúúsù. Àwọn kan dó sí Ìpetumodù, Mọ́rò, Ẹ̀dúnàbọ̀n àti Yakóyọ̀ọ́. Àwọn kan wọ Ilé-Ifẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n ń bá àwọn onílé ṣe iṣẹ́ oko. Nígbà tí ó yá, Ọ̀ọ̀ni Abẹ́wẹ́ilá fún wọn ní ilẹ̀ lẹ́yìn odi kí wọ́n lè dá dúró lábẹ́ Ògúnsùà tiwọn. Wọ́n ní igi ńlá kan wà níbẹ̀ tí ẹyẹ akọ̀ tẹ́ ìtẹ́ sí, igbe àwọn ẹyẹ náà ni ó sì di orúkọ ìlú: Mọdákẹ́kẹ́. Àwọn ènìyàn yìí kó oyè ogun Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ wá, Balógun, Ọ̀tún, Òsì, Ìkẹrin. Wọ́n kó oríkì wá. Ohun kan ni wọn kò lè kó wá: ètò tí ó wà lókè jagunjagun, Aláàfin àti Ọ̀yọ́ Mèsì méje tí ń di okùn mú.

Ní 1849 ni Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ kọ́kọ́ jà, Mọdákẹ́kẹ́ sì borí, àwọn ará Ifẹ̀ fi ìlú wọn sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ní 1882, nígbà tí ogun Kírìjì ń lọ lọ́wọ́, a tún sun Ifẹ̀ níná. Ìbàdàn ni Mọdákẹ́kẹ́ ń tẹ̀ lé ní àkókò náà, Kakaǹfò tí ó sì kó Ìbàdàn lọ sí ogun náà, Láàtọ́ọ̀sà, kú sí ibùdó ní 1885. Ẹ̀kọ́ ogun ti yí padà nígbà náà. Ilé ìjòyè ogun ṣì ni ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ ogun sì ń fi akitiyan gòkè láti abẹ́ Sẹ́ríkí dé ọ̀dọ̀ Balógun. Ṣùgbọ́n ìbọn ti gba ipò ọrun. Ọrun ń gba ìgbà èwe ènìyàn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ díẹ̀, ọ̀dọ́ lè mọ bí a ti í ki ìbọn ṣakabùlà. Ní ìparí ogun Kírìjì, ìbọn Snider tí Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó tún yára jù ú lọ. Ìjòyè tí ó bá ní owó ẹ̀tù lè ní ogun tirẹ̀ láìdúró de kí ọmọ dàgbà. Ohun tí ìbọn dín kù kì í ṣe àkókò ẹ̀kọ́ nìkan; ó dín àkókò tí ìlú fi ń mọ ìwà ènìyàn kù pẹ̀lú.

Àdéhùn àlàáfíà 1886 sọ pé kí àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ ṣí kúrò lórí ilẹ̀ náà. Ní 1909 ni wọ́n ṣí lóòótọ́, tí ọ̀pọ̀ lọ sí Odé-Òmu, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920 sì ni a tún jẹ́ kí wọ́n padà. Ìjà tún bẹ́ ní 1981 àti 1983, ó sì tún bẹ́ ní 1997 lórí ibi tí a ó gbé olú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sí. Mo ti jókòó ti àwọn tí ó rí ìkẹyìn yìí, ní Mọdákẹ́kẹ́ àti ní Ifẹ̀, nítorí ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ wọn jọ ara wọn ju bí wọ́n ti rò lọ. Ní ìhà méjèèjì ni a ti ń sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tí kò bẹ̀rù, tí kò sá, tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo gbà pé òótọ́ ni. Ìgboyà kò wọ́n wa rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá béèrè pé ta ni ó rán wọn, ta ni ó lè pè wọ́n padà, ọ̀rọ̀ a máa pẹ́ kí ó tó jáde. Ilé tí ó jóná ní ìhà kìíní àti ìhà kejì ni ó dáhùn ìbéèrè náà. Ìyá tí ó sin ọmọ kò béèrè ibi tí ọfà ti wọlé.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyí, pé ìjọba ni ó ni ọmọ ogun nísinsìnyí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ẹ̀ṣọ́ ti tún gòkè padà ní ojú wa. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ṣí Ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn, láti ṣọ́ oko, ọ̀nà àti ìlú. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lára wọn. Orúkọ náà dùn létí. Inú mi dùn pé ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu géètì báńkì. Ẹni tí ó bá sì gba orúkọ náà, ẹ jẹ́ kí ó gba ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú. Kí a dán eré sísá rẹ̀ wò, kí a wo bí ó ti ń rìn lóru, kí a wo bí ó ti ń di ìbọn mú. Kí a sì tún lọ sí agbolé rẹ̀ lọ béèrè ẹni tí ó jẹ́. Kí òfin tí ó wà lórí rẹ̀ hàn sí i, kí ó sì hàn sí àwa náà tí a ń sùn nígbà tí òun ń ṣọ́nà. Kí àwọn tí ń rán an má ṣe rán an níṣẹ́ ẹ̀tàn bí Aólẹ̀, kí òun náà má ṣe wá òrùka jàmáà fún ọwọ́ ara rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé báwo ni a ti í di Ẹ̀ṣọ́, ìdáhùn tí mo rí nínú ìtàn Ọ̀yọ́ kò gùn. A máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, ní ojú àwọn tí ó mọ̀ wá. A máa ń kọ́ bí a ti í dojú kọ ọfà. Lẹ́yìn èyí ni a ó béèrè lọ́wọ́ wa pé ta ni ó rán ọ, ọ̀dọ̀ ta ni ìwọ yóò sì padà sí bí iṣẹ́ bá parí? Ọ̀yàbí ní ìdáhùn sí i. Afọ̀njá kò ní. Ẹni tí kò bá lè dáhùn rẹ̀, alágbára ni, akọni ni, ṣùgbọ́n kò tíì di Ẹ̀ṣọ́.